Ahọ́n Erin Inú Póò

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ilé wa ní Bodija, ní ọdún tí Mọ́mì kúrò níbẹ̀, ni pé ilé náà dákẹ́ jù. Àgbowó la ti kó wá, nínú ilé àwọn ayálégbé tí ojúlé kọjú sí ojúlé, tí ó jẹ́ pé bí ọmọ kan bá wúkọ́ lóru, wàá gbọ́ "pẹ̀lẹ́" láti yàrá tí ìwọ ò mọ̀. Níbẹ̀, mo mọ ẹni tó ń lọ ata àti ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà, mo sì mọ ọmọ tí wọ́n máa nà bí ó bá délé. Ní Bodija, àwọn aládùúgbò wa ní fẹ́ǹsì, wọ́n ní géètì, wọ́n sì rán àwọn ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń sùn sí. Ariwo kan ṣoṣo tí a kó bọ̀ láti Àgbowó ni ti ẹ̀rọ ìránṣọ Mọ́mì. Bí mo bá ti ń ti ilé-ìwé bọ̀, láti ẹnu géètì ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, mo sì máa mọ̀ pé oúnjẹ wà nílẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo dé tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wọlé, mo rí ẹ̀rọ náà tí wọ́n fi aṣọ bò. Dádì jókòó sídìí tábìlì ní àkókò tó yẹ kó ṣì wà ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Mọ́mì ẹ lọ sílé wọn ná." Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀. Ó ní kí n lọ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù mi. Àwọn àgbà ní àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ti gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjèèjì láti ìgbà náà, síbẹ̀ mi ò tíì lè dá a, mo sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Dádì obìnrin ló wá láti Ẹlẹ́yẹlé láti máa tọ́jú wa. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, àfi Dádì tó ń pè wọ́n ní Àǹtí, nítorí pé wọ́n ti dàgbà ju Dádì lọ púpọ̀, àwọn ni wọ́n sì pọ̀n ọ́n. Aládùúrà ni wọ́n, ojúlówó, tí kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun, tí agogo ọwọ́ wọn sì máa ń dún láàárọ̀ kùtù, lọ́sàn-án, àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n kó ìgò omi ìyè wọn wá pẹ̀lú ẹrù wọn, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, wọ́n sì tò wọ́n sí abẹ́ fèrèsé. Omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni. Kò sí àìsàn tí wọn kì í fi wò. Wọ́n máa ń sọ pé ilé tí kò sí àdúrà dàbí ilé tí kò ní òrùlé, lẹ́yìn náà wọ́n á wo òkè àjà wa tó funfun báláú, wọ́n á ní, "Ẹ má rò pé pákó yìí ni mò ń wí o." Èèyàn tó lè pani lẹ́rìn-ín ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò gba gbẹ̀fẹ́. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gé òwú sítóòfù kó má baà máa ṣèéfín, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń sẹ́ ògì, wọ́n sì máa ń mú mi gbààwẹ̀ títí di ọ̀sán lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀kọ wọn máa ń dán, àkàrà wọn ò sì ní ẹlẹ́gbẹ́. Èmi kàn ń jẹ ẹ́ ni, mò ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi aṣọ bò.

Báàgì kan ṣoṣo ni Mọ́mì gbé lọ. Ohun gbogbo tó kù wà nílé, ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, pàápàá ahọ́n erin wọn tó wà ní fàrándà. Ẹni tí kò bá mọ ahọ́n erin, ewé kan ni tó nípọn, tó gùn, tó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ létí méjèèjì. Bí o bá là á, omi inú rẹ̀ á máa fà bí ilá, á sì korò. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ní Ṣakí ni wọ́n ti mú un wá nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó. Inú póò mi àtijọ́ ni wọ́n gbìn ín sí, póò tánganran funfun tí mo ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí ní kékeré, tí ìdí rẹ̀ ti dípẹtà títí ó fi lu. Àwọn àlejò máa ń rẹ́rìn-ín sí i, Mọ́mì á sì ní ewé ò mọ ìtìjú. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù eléèédú jó mi lápá, ewé yìí ni wọ́n là tí wọ́n fi pa á fún mi, ojú àpá náà ò sì hàn mọ́. Wọ́n tún sọ fún mi pé òun ni wọ́n fi pa ọmú nígbà tí wọ́n fẹ́ já mi lẹ́nu ọmú. Wọ́n ní mo fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, mo wo ojú wọn, mo sì bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n dà. Lọ́jọ́ tí a ń kó bọ̀ wá sí Bodija, orí itan wọn ni wọ́n gbé e sí nínú lọ́rì, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn mú un. Èyí ni mo fi ń ṣírò nínú ọkàn mi pé ẹni tó gbé nǹkan lé itan láti Àgbowó kò lè fi í sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n ń bọ̀ wá wò ó. Bí wọ́n bá sì dé tí wọ́n bá a ní òkú, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ wọlé wá ṣe? Bí ọmọdé ṣe ń ronú nìyẹn, mi ò sì ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọyẹ́ dé, ètè wa là, iwájú ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Lónìí mo mọ̀ pé oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tó ń pa á. Nígbà náà, ẹ̀rù bà mí débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Màmá bá mi níbi tí mo jókòó tì í, wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ní, "Ewé Mọ́mì ń kú lọ." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sì wo èmi náà. Mo rò pé ara mi ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n ní, "Kò ní kú. Omi ìyè la máa fún un." Wọ́n lọ mú ìgò kan, wọ́n padà dé, wọ́n sì dúró. Wọn ò lè bu omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí sínú póò. Wọ́n yí i po, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní, "Èyí ò ṣeé ṣe, Àbẹ̀kẹ́. Omi Ọlọ́run, inú póò." Wọ́n wá wọlé lọ mú abọ́ tánganran kan jáde láti inú àpótí wọn, abọ́ tuntun tó ní òdòdó pupa lára, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé ewé náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ dúdú láti ẹ̀yìnkùlé. Ó rẹwà gan-an. Wọ́n fọ póò, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ilé.

Láti ọjọ́ náà, bí agogo Màmá bá ti dún, a ó ka Sáàmù, a ó sì jáde sí fàrándà lọ bomi sí abọ́ náà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju gbogbo iṣẹ́ ilé lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Mọ́mì ti lọ, nǹkan kan wà tí mo lè ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. Ewé náà sì kọ́kọ́ gbà: ó wú, ó dán, pípọ́n rẹ̀ lọ, Màmá sì fi í jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fọwọ́ kan ewé ìsàlẹ̀, ó sì já sí mi lọ́wọ́ láìjẹ́ pé mo fà á. Ìdí rẹ̀ ti rọ̀, ó ń ṣomi, ó sì ń rùn bí ẹ̀kọ tó ti kan. Mo sá lọ bá Màmá. Wọ́n ní ogun ni, a ò gbọ́dọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. A fi ààwẹ̀ kún un, a sì fi omi kún omi. Ewé mìíràn tún já. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá pé Mọ́mì dé ẹnu géètì, wọ́n yọjú wo fàrándà, wọ́n sì yí padà láìpe orúkọ mi.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni Dádì jáde pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, ó dúró, ó sì gbóòórùn. Dádì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí Mọ́mì ti lọ, kò tíì pe orúkọ wọn létí mi, bẹ́ẹ̀ ni kì í jókòó sí fàrándà mọ́. Á jẹun alẹ́, á gbọ́ ìròyìn nínú rédíò, á wọ yàrá. Lọ́jọ́ yìí ó gbé ìwé ìròyìn kalẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú ẹrẹ̀ tó wà nínú abọ́, ó sì fa ewé Mọ́mì yọ tìdítìdí. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń já bọ́ lórí símẹ́ǹtì. Ó wọlé, ó mú bíléèdì tó fi ń fá irùngbọ̀n bọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Mo pariwo. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á." Ó gé títí ó fi ku kùkùté kan tó kúrú, tí ewé díẹ̀ wà lórí rẹ̀, kò sì ní gbòǹgbò kankan mọ́. Mo kórìíra bàbá mi lọ́jọ́ náà. Mo rò pé òun ni kò fẹ́ kí wọ́n padà wá, ìdí nìyẹn tó fi ń pa ohun tí wọ́n máa tìtorí rẹ̀ wá.

Màmá gbọ́ ariwo, wọ́n jáde. "Délé, kí lò ń ṣe fún ọmọ yìí?"

"Omi ló pọ̀ jù, Àǹtí."

"Omi ìyè ni."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ibo ni kó gbà jáde?" Ó da abọ́ olódòdó náà nù, ó sì yí ìdí rẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí i. Kò ní ihò.

Màmá wo ìdí abọ́ náà. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tó ń mì wọ́n léjìká. Wọ́n ní, "Póò ló mọ ohun tó ń ṣe." Wọ́n lọ fúnra wọn, wọ́n gbé e wá láti ẹ̀yìn ilé. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Kùkùté náà wà lórí ìwé ìròyìn bí ohun tí wọ́n fẹ́ dànù.

Dádì kò gbìn ín. Ó gbé e sí ojú fèrèsé kíṣìnì, láìsí iyẹ̀pẹ̀, láìsí omi, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ ń lọ. Mo ń wò ó bó ṣe ń hun jọ, tí ojú ibi tí wọ́n gé ń di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé a lè fẹ́ràn nǹkan kí a má fún un ní ohunkóhun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Màmá sùn, mo bu omi sínú kọ́ọ̀bù, mo gun àpótí, mo sì ti ń na ọwọ́ sí i nígbà tí mo gbọ́ ohùn Dádì lẹ́yìn mi. Ó ti ọ́fíìsì dé kí àkókò tó tó.

"Àbẹ̀kẹ́, gbé kọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀."

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, Dádì."

"Mo mọ̀. Ojú ọgbẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ ná. Bí omi bá kàn án báyìí, á tún jẹrà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ó tú táì ọrùn rẹ̀, ó ká a mọ́ ọwọ́. "Bí ìyá ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ó jẹrà bẹ́ẹ̀ ní Àgbowó rí, lọ́dún tí òrùlé ń jò. Ó gé e, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ní ẹni bá fọwọ́ kàn án á rí òun. Mo máa ń wò ó bó ṣe ń ṣe é." Ó tún ní, "Ó máa ń rò pé ìwé ìròyìn ni mò ń kà."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Mi ò tún kórìíra rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Nísinsìnyí tí èmi náà ti dàgbà ju bí ó ti wà nígbà yẹn lọ, mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà ti wo ìyàwó rẹ̀ débi pé ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sọ fún un rí.

Nígbà tí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, èmi àti Dádì wa mọ́tò lọ sí Ẹlẹ́yẹlé lọ kó iyanrìn létí omi. Àwọn apẹja ń na àwọ̀n wọn sílẹ̀ fún oòrùn, ọ̀kan nínú wọn bi wá bóyá ilé la fẹ́ fi iyanrìn agbada kan kọ́, Dádì sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nílé, ó po iyanrìn mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ó ní kí n fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí póò kí iyẹ̀pẹ̀ má baà dí ihò rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tèmi ló lè dé igun ibẹ̀ láìha. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Lẹ́yìn náà kò sí ohun tó kù ju kí a dúró. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, mo máa jókòó tì í, màá máa gbọ́ bí atẹ́gùn ọyẹ́ ṣe ń fa ewé gbígbẹ lórí símẹ́ǹtì, àti mọ́tò tó ń kọjá lójú títì tí kò yà sọ́dọ̀ wa. Mo máa ń bá ewé náà sọ̀rọ̀, ohùn mi á sì máa jọ ohùn ẹlòmíràn létí ara mi. Nírọ̀lẹ́, Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá lẹ́yìn ìròyìn. Á dúró, á wò ó, á wọlé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga wá. Màmá máa ń yọjú sí wa láti pálọ̀, wọ́n á sì padà sẹ́yìn. A jọ ń jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn tí iná bá lọ, oníkálukú pẹ̀lú èrò tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú ọwọ́ mi, ó fi lé ìdí kùkùté náà, ó ní, "Fà á díẹ̀. Díẹ̀ o." Mo fà á. Kò wá. Nǹkan kan nínú ilẹ̀ dì í mú. Dádì ní, "Ó ti di ilẹ̀ mú," ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ò tíì pẹ́ tó rọ̀ tí ewé tuntun fi yọ láàárín rẹ̀, tó tinrín, tó sì ṣe tútù lójú.

Nígbà òjò náà ni Mọ́mì dé. Sátidé ni. Dádì ti jáde láti ìdájí, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Challenge. Mo gbọ́ géètì, mo yọjú, mo rí wọn, mo sì sáré débi pé bàtà mi kan kù sí fàrándà. Wọ́n gbé mi, bẹ́ẹ̀ mo ti tóbi ju ẹni tí wọ́n ń gbé lọ. Wọ́n ti rù. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọkọ̀ píkọ̀ọ̀pù, mo sì rò pé ó wá já wọn sílẹ̀ ni. Mọ́mì kúnlẹ̀ kí Màmá. Màmá ní kí wọ́n dìde, wọ́n fún wọn lómi, Màmá sì gbé àga tiwọn sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó. Mi ò mọ ohun tí àga yẹn ń ṣe níbẹ̀, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n Mọ́mì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kọjá lójú mi. Bí obìnrin bá fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ, ará ilé ọkọ kan gbọ́dọ̀ jókòó kí ó rí ẹrù náà bó ṣe ń jáde. Bí ẹrù bá ti tán, ọ̀rọ̀ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ohun tó tún fẹ́ wá ṣe níbẹ̀. Ọmọ kì í sì í ṣe ara ẹrù. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé èyí fún mi. Mo kàn wo àga náà, mo wo ojú Màmá tí kò rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo lọ dúró níwájú póò, ẹsẹ̀ mi kan ní bàtà, ọ̀kan kò ní.

Mọ́mì wá bá mi níbẹ̀. Wọ́n lóṣòó, wọ́n fọwọ́ kan ewé tuntun náà, wọ́n sì fi ìka tọ ojú àpá tó wà nídìí rẹ̀.

"Ta ló gé e?"

"Dádì ni."

"Ó jẹ́ kó gbẹ kó tó gbìn ín?"

"Wọ́n ní bí ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n ní àwọn máa ń wò yín."

Mọ́mì fi etí gèlè bo ẹnu. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo ti sọ gbogbo ohun tí mo ní. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn dé, ó gbé póò náà láìbéèrè, ó fi sí àárín ẹ̀rọ àti àpótí, ó sì fi tápólì bo ẹrù, ó wọ ọkọ̀. Ó ti ṣáná sí i. Màmá dìde lórí àga wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ẹrù ti tán?"

Mọ́mì wò mí. Wọ́n lọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ká tápólì sókè, wọ́n gbé póò náà jáde, wọ́n gbé e padà wá sí fàrándà, wọ́n sì fi sí àyè rẹ̀.

"Kò tíì tán, Màmá. Eléyìí ṣẹ́kù. Màá máa wá wò ó."

Ẹ̀gbọ́n wọn fẹ́ sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀, Màmá sì gbé ọwọ́ sókè sí i. Wọ́n tún jókòó. Wọ́n ní, "Ẹni tí ẹrù ẹ̀ wà nílé èèyàn, a kì í bi í pé kí ló wá ṣe. Máa bọ̀ o, ìyàwó."

Wọ́n sì ń wá. Mọ́mì kì í wọlé. Wọ́n á jókòó ní fàrándà, wọ́n á fọwọ́ kan ewé náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa wo èmi títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Mọ́mì àti Dádì ò padà sọ́dọ̀ ara wọn. Mo dàgbà sínú ilé tó dákẹ́ náà, mo ń fi ọjọ́ tí wọ́n máa wá ka oṣù. Ohun tí Mọ́mì ò mọ̀, tí mi ò sì sọ fún wọn, ni pé bí ọjọ́ náà bá ti pé, Dádì á ti jí kí agogo Màmá tó dún. Á gbé póò náà bọ́ sí ojú ìmọ́lẹ̀, á rẹ àkísà sínú omi, á fún un gbẹ, á sì nu eruku kúrò lára ewé kọ̀ọ̀kan, láti ìdí dé ṣóńṣó, kí ẹ̀gún má baà ya àkísà. Bí ó bá parí, á wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà á mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, á ní òun ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, á sì jáde kí wọ́n tó dé.